Ìmúra Ara Sílẹ̀ Ṣáájú Iṣẹ́ Ológun

Zaria, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tó fẹ́ di ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Eré sísá àti rírin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wà lára iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Àwọn mìíràn kì í ṣe eré ìdárayá kankan títí orúkọ wọn yóò fi jáde. Nígbà náà ni wọn yóò wá fi ọ̀sẹ̀ kan sá eré oṣù mẹ́ta. Ewu ń bẹ níbẹ̀: egungun ojúgun lè sán, ooru àpọ̀jù sì lè la ikú lọ.

Ó sàn kí ìmúra bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú. Rírìn kíákíá ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí eré sísá tẹ̀lé e, kí a máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa sinmi lọ́jọ́ kan, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń tún iṣan ara ṣe. Omi àti oorun kò sì gbọdọ̀ wọ́n.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS lè dá ṣáṣá, síbẹ̀ ó lè dákú bí ó bá sáré ju agbára rẹ̀ lọ nínú ooru. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì lọ rí dókítà.