Ẹ má sáré wọ Kútọnu: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ fún ẹni méjì tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn

Bó bá jẹ́ pé kíkà lẹ̀ ń ka ètò yìí dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ gan-an nìyí. “Àbí” tó pọ̀ jù nìkan la yọ kúrò.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ẹ jẹ́ olólùfẹ́ méjì, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó. Ẹ fẹ́ rí orílẹ̀-èdè mìíràn, àmọ́ owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí. Ibo lẹ lè lọ? Bí ẹ bá ń gbé Festac tàbí Amuwo-Odofin, ọ̀nà tó lọ sí òkèèrè gba ẹ̀gbẹ́ ilé yín kọjá. Ẹ bọ́ sí Mile 2, ẹ wọ ọkọ̀ Badagry, ẹ gba ibẹ̀ dé Seme. Ẹ kọjá bọ́dà, ẹ ti wọ orílẹ̀-èdè Benin nìyẹn. Láti bọ́dà dé Kútọnu ò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ.

Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ìṣòro. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní gọ́tà, ó ní gó-síló, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti Badagry dé Seme sì pọ̀ débi pé ẹ ò ní lè kà á. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ni yín, ẹ ti mọ ìyẹn. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn bọ́dà ló ń dá èèyàn lágara. Ìgbà yẹn lowó máa ń jò, ìgbà yẹn náà sì ni ẹni méjì tó fẹ́ràn ara wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ara wọn ní kúkúrú kúkúrú. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má sáré wọ Kútọnu. Àjàṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ sùn, ìyẹn Porto-Novo.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ìwé. Èkó níbí ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, nígbà tó sì di 1979, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ náà lè wọ òmíràn kó sì lo 90 ọjọ́ láì gba físà. Àwọn kan gbọ́ “láì gba físà”, wọ́n wá rò pé láì mú ìwé lọ ni. Rárá o. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS, ẹ mú káàdì yẹ́lò fífà tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ jíjáde ní ti Nàìjíríà, kí wọ́n sì lu ti wíwọlé ní ti Benin. Ọlọ́kadà tó bá ní òun mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ máa lọ. Òǹtẹ̀ tí ẹ ò gbà lọ́jọ́ tí ẹ wọlé ni wọn yóò bi yín léèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Kí oníkálùkù sì mú pásípọ́ọ̀tù tirẹ̀ lọ́wọ́. Ìfẹ́ ò ní kí ẹ kó méjèèjì sínú báàgì kan.

Ẹ wo ìròyìn kí ẹ tó gbéra. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti bọ́dà orí ilẹ̀ rẹ̀ pa, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó tún ṣí Seme.

Owó wọn ni sẹ́fà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ń ná an, Togo wà nínú wọn, nítorí náà èyí tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín ò ní ṣòfò bí ẹ bá tẹ̀ síwájú. Wọ́n ti so sẹ́fà mọ́ owó yúrò: 655.957 ni yúrò kan, kì í yí padà. Náírà tiwa ló ń lọ sókè sódò. Èyí túmọ̀ sí pé iye tí ọ̀rẹ́ yín ná lọ́dún tó kọjá ní náírà ò wúlò fún yín. Ẹ bi í ní iye sẹ́fà tó ná. Bí ẹ bá ń ṣẹ́ owó ní bọ́dà, ẹ ka tiwọn tán kí tiyín tó kúrò lọ́wọ́, kí ẹ sì bèèrè owó kéékèèké.

Ti fóònù ńkọ́? Ihò iná wọn róbótó, tiwa tí ẹnu rẹ̀ nípọn ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ ra ádábítà láti Èkó. Ẹ wa máàpù àti ìtumọ̀ èdè Faransé sórí fóònù nígbà tí dátà tiwa ṣì ń ṣiṣẹ́. Síìmù méjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ẹyọ kan tí ẹnì kejì á máa lá hotspot rẹ̀.

Ó yá, kí ló dé tí mo fi ní Àjàṣẹ́? Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Wọn ò sọ èdè tó máa fi bèèrè. Ní Kútọnu, Faransé àti Fọ̀n ló gbòde, ẹni tó ń fi ẹnu jẹun ní Alaba lè débẹ̀ kó di odi. Àmọ́ ní Àjàṣẹ́, àwọn Yorùbá ti wà níbẹ̀ tipẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Gùn, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú àwọn Ẹ̀gùn tó wà ní Badagry àti ní Amuwo-Odofin tiwa níbí. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí èèyàn mẹ́ta, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan dáhùn. Láti Seme, ẹ ó sọ̀ ní oríta Sèmè-Kpodji, ẹ ó yà sọ́tùn-ún.

Ìlú náà rọra ń mí. Òun ni olú ìlú Benin lórí ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba àti ọjà wà. Ẹ lọ wo ààfin ọba Toffa, tó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ wo Mọ́sáláṣí Ńlá náà, tí ẹ ó kọ́kọ́ rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni, nítorí pé irú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn tó padà dé láti Brazil mú bọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Irú àwọn èèyàn yẹn náà ló kọ́ àwọn ilé àtijọ́ ní Campos lórí Erékùṣù Èkó. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀ gbọ́ ohùn wa, ó ní, “Ẹ kú àbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Èkó.” Mo dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé o, ìyá.” Òun ló sọ iye tí ó yẹ ká san fún ọkọ̀ ọjọ́ kejì fún wa, ló sì kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń pe owó ọ̀hún ní Faransé.

Ọkọ mi ni agbẹnusọ wa ní Èkó. Òun ló ń ná ọjà, òun ló ń bá awakọ̀ jà. Èmi ni mo rántí Faransé díẹ̀ láti JSS. Nígbà tá a dé Kútọnu, èmi ni mo wá di ẹnu, òun sì ń tẹ̀ lé mi, ó ń bèèrè ní gbogbo ìgbà pé, “Kí ló wí?” Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó ti ń ṣáájú láti ọdún yìí wá, tó wá ń dúró kí ìyàwó rẹ̀ túmọ̀ iye owó omi fún un, inú rẹ̀ lè má dùn, kó sì máa pè é ní àárẹ̀ oòrùn. Ọjọ́ méjì tá a lò ní Àjàṣẹ́ ló rọ̀ ọ́ lójú fún un. Níbẹ̀ la ti pín iṣẹ́: èmi ni ọ̀rọ̀, òun ni owó àti máàpù. Kò sẹ́ni tó jókòó lásán.

Ìyẹn wúlò gan-an nígbà tó kan zem. Zémidjan ni ọ̀kadà wọn, ó túmọ̀ sí “tètè gbé mi” ní èdè Fọ̀n, ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè ni àwọn tó ń wà á ń wọ̀ ní Kútọnu. Ẹ sọ iye owó kí ẹ tó gun un. Tí oníkálùkù bá ti gbé báàgì, zem méjì lẹ máa gùn, zem méjì ò sì ní gba ọ̀nà kan náà. A ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí a bá pàdánù ara wa, abẹ́ ère Amazon la ó ti pàdé. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣáájú ọkọ mi débẹ̀, àyà mi já. Àmọ́ ère náà ga ní 30 mítà, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní 2022, kò sí olùwà zem tí kò mọ̀ ọ́n. Ó sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbé e wá.

Ẹ̀yin ará Festac, ẹ rántí pé fún àlejò ni wọ́n kọ́ àdúgbò yìí. Ní oṣù kìíní 1977, àwọn olórin àti oníjó láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sùn nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbọ́ ohun tí aládùúgbò wọn ń sọ.

Láti Kútọnu ẹ lè gba Ouidah lọ, kí ẹ sì tibẹ̀ kọjá sí Togo. Aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa àti ti Benin. Fóònù yín lè yí i fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi awakọ̀ bóyá aago Benin tàbí ti Togo ló ń sọ nígbà tó bá ní ọkọ̀ á gbéra ní agogo méje.