Àmì Ohùn Lójú Ìkànnì: Ìṣòro àti Àtúnṣe

1. Ìfáàrà
Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí a bá yọ àmì ohùn kúrò lára ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ lè dàrú. Ẹ wo ọkọ (ẹni tí ó fẹ́ ìyàwó), ọkọ́ (irinṣẹ́ àgbẹ̀), ọkọ̀ (ohun ìrìnnà) àti ọ̀kọ̀ (ohun ìjà). Lóde òní, ìbéèrè ìdánwò àti iṣẹ́ àṣetiléwá ti ń bọ́ sórí ìkànnì. Olùkọ́ lè tẹ ìbéèrè tí ó mọ́ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé àpótí òfìfo ni yóò hàn lórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí àmì yẹ kí ó wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba òdo nítorí èyí, ta ni kí a dá lẹ́bi? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò ṣàlàyé ohun tí ó ń fà á àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀.

2. Bí ẹ̀rọ ṣe mọ lẹ́tà
Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Nígbà kan rí, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì Yorùbá nípa fífi ẹ, ọ àti ṣ sí ipò tí ó jẹ́ ti àmì mìíràn. Ẹ̀rọ tí kò bá ní fọ́ǹtì náà, àmì àjèjì ni yóò gbé jáde. Ní 1991 ni ẹ̀dà kìíní Unicode jáde. Èrò rẹ̀ ni pé kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀rọ.

3. Ibi tí ìṣòro wà
Unicode fún á àti à ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó fún ẹ (1EB9), ọ (1ECD) àti ṣ (1E63) pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́, ẹ̀, ọ́ tàbí ọ̀. A ní láti kọ ẹ tàbí ọ, kí a tó fi àmì ohùn òkè (0301) tàbí ti ìsàlẹ̀ (0300) lé e. Nítorí náà, ọ̀ tí ó jẹ́ ẹyọ kan lójú wa, méjì ni lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Nǹkan méjì ni èyí ń fà:
(i) Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí a ṣe ń gbé àmì lé lẹ́tà, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
(ii) A lè kọ ẹ́ bí ẹ àti àmì òkè, tàbí bí é àti àmì ìdí (0323). Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń máàkì ìdánwò lè pe ìdáhùn tí ó tọ̀nà ní àṣìṣe.

4. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe
(a) Kí ojú-ìwé kéde ní ìbẹ̀rẹ̀ pé UTF-8 ni òun ń lò, àti pé yo, àmì tí a fi ń dá Yorùbá mọ̀, ni èdè òun.
(b) Kí a fi fọ́ǹtì tí ó gba Yorùbá, bíi Noto Sans, ránṣẹ́ pẹ̀lú ojú-ìwé náà.
(d) Kí àlàfo àárín ìlà fẹ̀, kí àmì ìdí má baà kọlu àmì òkè ìlà tí ó tẹ̀ lé e.
(e) Kí a sọ gbogbo ìdáhùn di irú kan, èyí tí Unicode ń pè ní NFC, kí ẹ̀rọ tó fi wọ́n wéra.
(ẹ) Kí a má fi àwòrán rọ́pò ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú kò lè kà á bí ó ti yẹ, kì í sì í bá ojú fóònù kékeré mu.

5. Àkótán
Kí ìbéèrè tó jáde, ẹ kọ gbólóhùn yìí sójú ìkànnì náà: Ọkọ Ṣadé ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọkọ́ sínú ọkọ̀. Kí ẹ wá wò ó nínú Chrome, Firefox àti Safari, lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù tí kò wọ́n. Bí àmì kan ṣoṣo bá sọnù, iṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.