Ìrìn-àjò Èdè àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní Kíláàsì Àkókó

Kí ìjọba àpapọ̀ tó dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1991, ilẹ̀ òkèèrè bíi Tógò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ti ń lọ kọ́ ọ lẹ́nu onílé. Ẹni tó já fáfá nílé a di odi lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé kò lọ́pọlọ, èdè ni kò tíì gbọ́.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Àkókó. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ṣùgbọ́n èdè ọ̀tọ̀ ni ti Arígìdì àti Ìsùà tó múlé gbè wọ́n. Bí olùkọ́ bá fi Yorùbá nìkan dán gbogbo wọn wò, ìdánwò náà dọ́gba, ṣùgbọ́n kò tọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ mọ èdè ilé ọmọ, kí ó sì gbà á láyè láti fi í ṣàlàyé fún ojúgbà rẹ̀, kí ó tó díwọ̀n ìmọ̀ rẹ̀.