KỌ́KỌ́RỌ́ KỌ̀ǸPÚTÀ: ỌWỌ́ TA NI Ó YẸ KÍ Ó WÀ?

 

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́, ní ọ̀pọ̀ ilé ní GRA Ìlọrin níbí, máígáàdì ni ó ń ṣí géètì, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá baálé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé a pè é ní olè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà rí.

Orúkọ méjì ni a lè fi wọ inú rẹ̀. Èkíní ni ti alákòóso: ó lè yí aago padà, ó lè pa ohun tí ń dènà fáírọ́ọ̀sì, ó sì lè pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́. Èkejì lè kàwé, ó lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ. Ní 1975, Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé agbára tí iṣẹ́ ẹni gbà nìkan ni kí a fún un.

Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tí ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà nínú rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n pín iPad fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Los Angeles, wọ́n sì ti àwọn ojú-ewé kan pa. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí àwọn ọmọ bí 300 fi pa ìdènà náà rẹ́, nítorí pé inú ẹ̀rọ náà gan-an ni ọ̀nà láti pa á rẹ́ wà. Àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ọn kò ti nǹkan kan.

Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà pàápàá, kí ó má fi orúkọ alákòóso ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́. Fáírọ́ọ̀sì tó bá gba ọwọ́ alákòóso wọlé, agbára alákòóso ni yóò fi ṣọṣẹ́. Kí páásíwọ́ọ̀dù má ṣe wà lára ògiri; kí ẹni kejì tó ṣe é fọkàn tán mọ̀ ọ́n, nítorí àìsàn àti ikú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ẹ̀rọ bá kọ̀ fún yín. Máàkì yín wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lè yí ìpìlẹ̀ rẹ̀ padà lè yí máàkì náà padà. Àmáánà ni kọ́kọ́rọ́ yìí. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á lè ṣọ́ ọ. Àmín.