Èdè-Ìperí fún Ìmúdọ́gba Iwájú Ọkọ̀ Píkọ́ọ̀pù Tí A Gbé Ga

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà yìí kan náà ni ó yẹ kí ó máa tọ́ ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ́nà: ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ohun kan ń ṣe kí ó tó fún un ní orúkọ. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Ní ti iṣẹ́ ọkọ̀, ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ní ti wá. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò, èyí ni gbígbé iwájú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga jù sókè, kí òun àti ẹ̀yìn lè dọ́gba. A yan iṣẹ́ yìí nítorí pé gbólóhùn kan tí ó rọ ènìyàn lẹ́nu níbẹ̀ ń ṣi ènìyàn lọ́nà, àṣìṣe náà sì lè fa jàǹbá.

2. Ohun Tí Ó Ń Mú Ẹ̀yìn Ga

Ẹni tí ó bá dúró ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí píkọ́ọ̀pù tí ó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, pákó tàbí obì láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣófo, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ga ju iwájú lọ. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ẹrù bá dé ẹ̀yìn, ẹ̀yìn yóò wálẹ̀, ọkọ̀ yóò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí onímọ́tò bá ní kí a fi irin kún sípíríǹgì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ òun lè ru ẹrù sí i, ìdàgẹ̀rẹ́ náà a pọ̀ jù, ọkọ̀ a wá dà bí ẹni tí ó tẹrí ba. Nígbà náà ni wọ́n máa ń ní kí mẹkáníìkì gbé iwájú sókè.

3. Àwọn Orúkọ Tí A Dábàá

(i) Ètò ìgbéró. Èyí ni àpapọ̀ sípíríǹgì, ṣọ́kù àti àwọn apá irin tí ó so táyà mọ́ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún un ń tọ́ka sí ohun tí a gbé kọ́, bí ẹni gbé aṣọ kọ́. Bí a bá tìtorí èyí pè é ní 'ìgbékọ́', ohun tí ojú kò rí ni a ń ṣàpèjúwe, nítorí orí sípíríǹgì ni píkọ́ọ̀pù jókòó lé. Iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe ni pé ó gbé ọkọ̀ ró.

(ii) Oríṣi sípíríǹgì mẹ́ta. 'Sípíríǹgì' ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sí ìdí tí a ó fi lé e lọ. Èyí tí a fi irin pẹlẹbẹ tò léra ni sípíríǹgì onípẹlẹbẹ. Èyí tí ó ká bí ejò ni sípíríǹgì akáko. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ tí ń lọ́ bí táyà ti ń lọ sókè sódò, òun ni a pè ní ọ̀pá ìlọ́. A kò pè é ní 'ọ̀pá alọ́ra', kí a má baà rò pé ọ̀pá tí ń fi nǹkan falẹ̀ ni. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ní akáko níwájú àti onípẹlẹbẹ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ Toyota Hilux ti àwọn ọdún 1990 ní ọ̀pá ìlọ́ níwájú. Akáko ni ó rọ́pò rẹ̀ nínú àwọn tí ó jáde láti nǹkan bí ọdún 2005.

(iii) Ìmúdọ́gba. Àwọn kan lè fẹ́ 'ìmútẹ́jú'. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tàbí tábìlì ni ó ń tẹ́jú; ohun méjì tí a fi wé ara wọn ni ó ń dọ́gba. Iwájú àti ẹ̀yìn ni a ń fi wéra níhìn-ín.

4. Bí Iṣẹ́ Náà Ti Rí

A ó gbé ọkọ̀ sí orí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó sì wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé etí ara ọkọ̀ lókè táyà kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún àti lósì. Ká sọ pé iwájú jẹ́ 86 sẹ̀ǹtímítà, tí ẹ̀yìn sì jẹ́ 91. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 5. Kò yẹ kí a pa gbogbo ìyàtọ̀ yìí rẹ́ nínú ọkọ̀ tí ń ru ẹrù, nítorí bí ẹ̀yìn bá wálẹ̀ lábẹ́ ẹrù, iwájú ni yóò wá ga jù.

Níbi tí sípíríǹgì akáko bá wà, a lè fi irin roboto, tí a pè ní òrùka ìgbéga, sí orí rẹ̀. Kí olùkọ́ ṣọ́ra níhìn-ín: nínípọn òrùka náà kì í fi ìgbà gbogbo bá gíga tí ọkọ̀ fi ń lọ sókè mu. Nínú ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ sípíríǹgì bá dúró sí ààrin apá irin ìsàlẹ̀, òrùka oní-2.5 sẹ̀ǹtímítà lè gbé iwájú sókè ní nǹkan bí 5, nítorí pé bí ààrin apá bá sún díẹ̀, orí rẹ̀ níbi táyà yóò sún ní ìlọ́po méjì. Nínú Peugeot 504, tí ẹsẹ̀ sípíríǹgì rẹ̀ wà nítòsí táyà, iye kan náà ni wọn yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

5. Gíga Kì í Ṣe Líle

Níbi ọ̀pá ìlọ́, bóòtù kan ni a ń fún, iwájú ọkọ̀ a sì ga. Lẹ́yìn èyí ni a máa ń gbọ́ gbólóhùn tí a ní ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà: 'A ti fún sípíríǹgì rẹ le.' Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò rò pé ọkọ̀ òun ti lágbára sí i, yóò sì di ẹrù kún ẹrù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Irú irin tí a fi ṣe ọ̀pá náà, gígùn rẹ̀ àti nínípọn rẹ̀ ni ó ń sọ bí ó ti le tó. Bí ọ̀pá méjì bá gùn dọ́gba, tí ọ̀kan nípọn ní ìlọ́po méjì èkejì, yóò le jù ú lọ ní ìlọ́po 16. Fífún bóòtù kò fi kún nínípọn, kò sì dín gígùn kù. Ibi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìkan ni ó yí padà. Ọmọdé tí ó gun orí àpótí ga sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi ru igbá kò tìtorí èyí pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: gíga, líle, àti òdiwọ̀n ẹrù. Irin tí a fi kún sípíríǹgì onípẹlẹbẹ ń mú un le sí i ní tòótọ́, síbẹ̀ kò gbé òdiwọ̀n ẹrù ọkọ̀ sókè, nítorí bíréèkì, táyà àti fírémù ọkọ̀ wà bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.

6. Ohun Tí Ó Kù Láti Ṣe

Bí iwájú bá ti ga, ìdojúkọ táyà yóò yí padà, ẹ̀gbẹ́ kan a sì máa jẹ ju èkejì lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Iná iwájú yóò gbójú sókè, yóò sì máa fọ́ ojú àwọn tí ń bọ̀ lálẹ́, bí a kò bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí a wò ó bóyá rọ́bà bíréèkì kò fà jù. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà iwájú pẹ̀lú, oríkèé ọ̀pá tí ń yí wọn yóò máa tẹ̀ ju bí ó ti yẹ, yóò sì tètè gbó.

7. Àkótán

A kò sọ pé kí mẹkáníìkì fi èdè ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti gba sípíríǹgì, ṣọ́kù àti aláìnmẹ́ǹtì. Ohun tí a ń bẹ àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè fún ni pé kí wọ́n máa kọ 'a ti fún bóòtù, iwájú sì ti ga', kí wọ́n má kọ 'a ti fún sípíríǹgì le'. Ìyàtọ̀ gbólóhùn méjèèjì kò ju ọ̀rọ̀ bí mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba èkejì gbọ́ ni yóò di ẹrù tí bíréèkì rẹ̀ kò lè dá dúró.