Pápá Ìdíje Ẹṣin ní Èkó àti Ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Lẹ́kí

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni àǹfààní tí pápá ìdíje ẹṣin ṣe fún ìlú ju ti eré lọ. Àpẹẹrẹ wa ni pápá Erékùṣù Èkó, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Réésì Kọ́ọ̀sì.

Ìdíje ẹṣin ni ó dá ilẹ̀ yìí sí láàárín ilé tí ó há mọ́ra. Nítorí náà, nígbà tí òmìnira dé, àyè wà tí ó gba èrò. Níbẹ̀ ni a ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀, tí a sì ta ti Nàìjíríà, ní òru tí ó mọ́jú ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ọdún 1960.

Ní ọdún 1972, lábẹ́ ìjọba Yakubu Gowon, a kọ́ gbàgede sórí pápá náà, a sì fi orúkọ Tafawa Balewa pè é. Ìdíje dópin níbẹ̀. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin ni ó kù lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹṣin alààyè kò tán ní Èkó. Ní etíkun Ẹlẹ́gùṣì ní Lẹ́kí, àwọn olùgbafẹ́ ń sanwó gun ẹṣin. Ṣùgbọ́n ìgbafẹ́ ni èyí, kì í ṣe ìdíje, kò sì lè dá ilẹ̀ kankan sí. Bí ilé ṣe ń gba Lẹ́kí títí dé Ajah, èrò tiwa ni pé kí a ya pápá sọ́tọ̀ kí ilẹ̀ tó tán. Ère lè rán wa létí ẹṣin; kò lè dá pápá padà.