Ọmọ Tí Ń Ka Tẹlifóònù fún Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ Faransé bá wọlé sórí tẹlifóònù ìyá, ta ni ó ń kà á? Ọmọ ilé-ìwé ni. Bí ìyá bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ọmọ náà ni ó ń bá a tẹ kóòdù àṣírí. Ọmọ kékeré ti di olùṣọ́ àpò owó wa. Ǹjẹ́ a ti kọ́ ọ ní ìṣọ́ ṣíṣe?

Olùkọ́ mìíràn yóò wí pé: “Kò sí kọ̀ǹpútà ní kíláàsì mi, báwo ni n ó ṣe kọ́ wọn?” Kí èyí má dá yín dúró. Láàrin ọdún 1990 sí 1999, Ọ̀gbẹ́ni Tim Bell, olùkọ́ ní yunifásítì Canterbury ní ilẹ̀ New Zealand, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó eré jọ tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n kọ̀ǹpútà láìsí kọ̀ǹpútà. Káàdì, okùn àti ẹfun ìkọ̀wé ti tó.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ kan tí a lè ṣe ní wákàtí ìṣirò. Kí ọmọ kan fi nọ́ńbà kan pamọ́ sínú, láti 0 dé 9. Àwọn yòókù yóò mọ̀ ọ́n, ó pẹ́ tán, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Bí ó bá to nọ́ńbà méjì, wọn yóò wá a nínú 100. Bí ó bá to mẹ́rin, nínú 10,000. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ọdún ìbí rẹ̀ ṣe é, kíá ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n.

Nígbà náà ni kí olùkọ́ bi wọ́n pé: “Ṣé oníjìbìtì a máa jókòó ka 10,000?” Rárá o. Ó ń pè ni. Á ní òṣìṣẹ́ ni òun, á ní owó ti ṣìnà bọ́ sórí tẹlifóònù yín, kí ẹ yára ka kóòdù tí ó wọlé fún òun. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kí ọmọ kan ṣe oníjìbìtì, kí èkejì kọ́ láti dáhùn pé: “A kì í ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni nílé wa,” kí ó pa ìpè náà, kí ó sì sọ fún àgbà.

Apá kejì tún wà. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń rí oníjìbìtì nínú ọkọ̀ olówó ńlá, ó sì ń wù wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí à ń pè ní Code du numérique, ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tí ó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Owó tí wọ́n sì kó, owó ìyá ẹnìkan ni.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tiyín rèé. Bí ìpè ẹ̀tàn bá wọlé, ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ ọmọ yín, kí ó fi kọ́ kíláàsì. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Èyí tí a kọ́ ni yóò bá wa ṣọ́ ọ.